Ìjọba tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Houston

Ẹ dé ibi ìnáwó Yorùbá ní Houston lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ àríyànjiyàn lórí Abuja, ẹ ó gbọ́ ti Washington títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá béèrè pé ta ni kọmíṣọ́nà county, ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, tó ń rí sí ọ̀nà omi àdúgbò tí kálukú ń gbé, kẹ́kẹ́ á pa. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Ní Texas níbí, àwọn ìjọba tí a ò mọ orúkọ wọn ló sún mọ́ àpò wa jù, àwọn náà ló sì dúró sáàárín ilé wa àti omíyalé.

Ẹ mú ìwé owó orí ilé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ní ìparí ọdún, kí ẹ fi ìka tọ àwọn orúkọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ilé yín bá wà láàárín ìlú Houston, ẹ ó rí Harris County, ẹ ó rí àjọ tó ń kápá omíyalé, ẹ ó rí àjọ èbúté, ẹ ó rí ti ilé ìwòsàn ìjọba, ti ìlú Houston fúnra rẹ̀, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, àti ti school district, àjọ tó ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, èyí tó sábà máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní iye tó bù lé ilé yín. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù ẹnikẹ́ni, torí náà orí ilé àti ilẹ̀ ni àwọn ìjọba kéékèèké yìí dúró lé. Nílé, ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló ń retí owó tí wọ́n máa pín láti Abuja lóṣooṣù. Níbí, àpò àwa tí a nílé ni wọ́n ti ń mú un, ẹni tó ń háyà ilé náà sì ń san tirẹ̀ mọ́ owó ilé.

Omi ló wà nídìí bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọba yìí ṣe rí lónìí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1900, ìjì líle láti orí òkun kọlu Galveston, ìlú erékùṣù tí kò jìnnà sí Houston. Ó kéré tán, 6,000 ènìyàn ló bá a lọ. Àwọn òpìtàn mìíràn ní wọ́n lé ní 8,000. Títí dòní, kò tíì sí ìjì tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìlú náà ti jẹ gbèsè kí ìjì tó dé, agbára àwọn kánsẹ́lọ̀ kò sì gbé ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn oníṣòwò ńlá ibẹ̀ lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀ ní Austin, wọ́n ní kí wọ́n tú ìgbìmọ̀ àtijọ́ ká. Ní 1901, ènìyàn márùn-ún péré ni wọ́n fi rọ́pò wọn: ọ̀kan ṣe olórí, ọ̀kan mójú tó owó, ọ̀kan di ọlọ́pàá àti panápaná mú, ọ̀kan rí sí omi àti ìdọ̀tí, ọ̀kan rí sí òpópónà. Àwọn tó ń ṣòfin náà ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gómìnà ló yan mẹ́ta nínú wọn. Láti 1903, gbogbo wọn bọ́ sọ́wọ́ olùdìbò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó àwọn ọmọ lọ gbafẹ́ ní Galveston, ògiri òkun tí ẹ̀ ń rìn lórí rẹ̀ yẹn, 1902 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 17, county ló sì yáwó kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da iyanrìn sí abẹ́ ìlú kí ilẹ̀ lè ga. Jáàkì ni wọ́n fi gbé ilé sókè, wọ́n gbé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá pàápàá. Mo gbà pé kò sí ibi tí mo ti rí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó wú mi lórí tó báyìí.

Òkìkí ètò náà kàn. Houston gbà á ní 1905, Des Moines ní Iowa gbà á ní 1907, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlú sì tẹ̀ lé wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé kọmíṣọ́nà kọ̀ọ̀kan sọ ẹ̀ka tirẹ̀ di ìjọba ara rẹ̀. Omi náà ló tún gbé ètò mìíràn lárugẹ: lẹ́yìn tí odò kún bo Dayton ní Ohio ní 1913, àwọn ará ibẹ̀ gba akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan tí kò díje ìbò, city manager, kó máa bá wọn darí ìlú. Dallas ń ṣe bẹ́ẹ̀ dòní. Houston dán an wò láti 1942 sí 1947, wọ́n pa á tì, wọ́n kó agbára lé Mayor lọ́wọ́. Mayor ló ń yan àwọn olórí ẹ̀ka. Òun nìkan ló sì ń pinnu ohun tí ìgbìmọ̀ máa jíròrò, títí di oṣù Kọkànlá 2023 tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i pé kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta lè jọ gbé ọ̀rọ̀ wá.

Àwa ènìyàn dúdú ní láti rántí ọdún 1979. Ṣáájú ìgbà yẹn, gbogbo ìlú ló jọ ń dìbò yan kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan, àdúgbò tó kéré níye kò sì lè yan ẹni tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi di 1971 kí Judson Robinson Jr. tó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ìgbìmọ̀ náà ní ọ̀rúndún ogún. Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ló ti Houston dé ibi tó ti pín ìlú sí àgbègbè ìdìbò ní 1979. Lónìí, kánsẹ́lọ̀ 16 ló wà, 11 láti àgbègbè, 5 láti gbogbo ìlú.

Gómìnà ńkọ́? Agbára rẹ̀ kò tó bí àwọn ènìyàn wa ṣe rò. Àwọn tó kọ òfin ìpínlẹ̀ Texas ní 1876 ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ gómìnà tí wọ́n ní agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù ni, wọ́n sì fọ́n agbára náà ká. Olùdìbò ló ń yan attorney general, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, àti comptroller, ẹni tó ń mójú tó owó ìpínlẹ̀, lọ́tọ̀, gómìnà kò lè lé wọn. Ilé aṣòfin kì í jókòó ju 140 ọjọ́ lọ lọ́dún méjì-méjì, àfi tí gómìnà bá pè wọ́n padà.

Ibi tí mo fẹ́ kí a tẹjú mọ́ ni county. Kọmíṣọ́nà mẹ́rin àti county judge kan, tí kì í dá ẹjọ́ kankan ní Harris, ló ń ṣàkóso ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Àwọn náà ló ń darí àjọ omíyalé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1937, lẹ́yìn tí omi ba Houston jẹ́ ní 1929 àti 1935. Nígbà tí ìjì líle Harvey dé ní 2017, omi kún ẹ̀yìn ìsédò Addicks àti Barker, tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, ó sì wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò mọ̀ pé inú àyè tí omi ìsédò lè gbà ni wọ́n ra ilé sí. Ní Fort Bend County, wọ́n kọ ọ́ sórí plat, àwòrán ilẹ̀, ti àwọn àdúgbò kan pé omi Barker lè bo ibẹ̀. Àwọn tó ra ilé kò rí i, torí plat kò sí lára ìwé tí wọ́n ń tẹ́ síwájú ènìyàn lọ́jọ́ tó bá ń fọwọ́ sí ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé ní Katy tàbí Richmond, ẹ béèrè fún plat kí ẹ tó sanwó. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2018, tí Harvey pé ọdún kan gẹ́lẹ́, àwọn olùdìbò Harris County fọwọ́ sí i kí county yá bílíọ̀nù 2.5 dọ́là láti fi tún ọ̀nà omi ṣe.

Ẹni tó bá ń gbé lẹ́yìn odi ìlú, MUD (municipal utility district), ìjọba kékeré tó ń rí sí omi àti ọ̀nà ìdọ̀tí àdúgbò, ló máa ń bá pàdé. Ọ̀gá tó ń kọ́ ilé á fi páìpù omi àti ọ̀nà ìdọ̀tí sílẹ̀, MUD á yáwó san án padà fún un, àwa tí a ra ilé á sì máa san gbèsè náà mọ́ owó orí ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ènìyàn márùn-ún tí a dìbò yàn ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ẹni tó ń tà ilé fún yín gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, ó wà nínú òfin Texas.

Ẹni tí kò tíì di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà kò lè dìbò, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo jókòó ní City Hall nígbà tí ìyá Yorùbá kan dìde níwájú ìgbìmọ̀, gèlè lórí, fọ́tò gọ́tà tó kún fún ewé àti ẹrẹ̀ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fún un. Ó dárúkọ òpópónà rẹ̀, ó sọ ibi tí omi dé lára ògiri ilé rẹ̀, ó jókòó. Òṣìṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ àgbègbè rẹ̀ tẹ̀ lé e jáde, ó gba àdírẹ́sì àti fọ́tò náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni tó nílé ṣe lè tako iye tí appraisal district, àjọ tó ń díye lé ilé, sọ pé ilé rẹ̀ tó. Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ló sábà máa ń jẹ́ gbèdéke.

Ní tèmi, ìpàdé MUD àdúgbò wa ni mò ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ mọ iye gbèsè tó kù, ọdún tí a máa san án tán, àti ìgbà tí wọ́n kó ẹrẹ̀ inú adágún tó ń gba àgbàrá wa gbẹ̀yìn.