Ohun tí ọgbà ẹ̀yìnkùlé kọ́ mi lẹ́yìn iṣẹ́ ágíríìkì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, mo kí yín kú oríire. Ọdún 23 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ágíríìkì ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí mò ń gun alùpùpù láti Òmù-Àrán lọ sí àwọn abúlé ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí mò ń fi bí a ti ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti ilá han àwọn tí wọ́n ti ń gbìn wọ́n kí wọ́n tó bí mi. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ohun mìíràn ní ẹ̀yìn ilé tèmi ní Táńkẹ̀, ní ìlú Ìlọrin, ju kànga àti okùn tí a ń sá aṣọ sí lọ. Ọjà Ìpàtà ni ìyá àwọn ọmọ mi ti ń ra ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó gbin nǹkan ti ara mi. Ohun tí mo rí nínú bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin péré ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ni ilẹ̀ wa máa ń rọ̀ jù fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣì mọ̀. Mo gbàgbé pé àwọn bíríkìlà tó kọ́lé náà ti kó erùpẹ̀ dúdú tó wà lókè lọ, wọ́n sì ti da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù sí ipò rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbìn hù, ó ga tó ìka kan, ó sì dúró síbẹ̀, ewé rẹ̀ ń pọ́n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà tí mo walẹ̀ wò, yangí àti sìmẹ́ńtì ni ọkọ́ mi ń kàn. Mo ṣa àwọn àfọ́kù náà kúrò, mo wa ilẹ̀ náà jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, mo sì ra àpò mẹ́fà ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ní gáà àwọn Fúlàní láti pò mọ́ ọn. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọdún kejì, nígbà tí mo fi ìkánjú da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí ata rodo, tí gbogbo rẹ̀ sì jó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀, èmi kan náà ni mo ti ń kìlọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ìgbẹ́ adìyẹ jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí agbára inú rẹ̀ rọlẹ̀, kí wọ́n tó lò ó.

Ẹ má jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tàn yín. Ní Ìlọrin, òjò lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kẹta, kí ooru tún padà dé bí ẹni pé òjò kò rọ̀ rí, irúgbìn tó bá sì ti hù yóò gbẹ kí òmíràn tó rọ̀. Ẹni tó ní kànga lè máa bomi rin tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kí ó dúró di ìparí oṣù kẹrin. Àwọn tó wà ní gúúsù, ní apá Òmù-Àrán sí Ẹkìtì ti Kwara wa níbí, lè ṣáájú wa díẹ̀, nítorí pé òjò tiwọn a máa tètè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju tiwa lọ.

Irúgbìn ewédú ló dójú tì mí jù nínú iṣẹ́ mi. Mo pín in fún àwọn obìnrin abúlé kan nítòsí Òmù-Àrán, mo sì ní kí wọ́n fún un sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan gba tirẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ò ní wẹ̀ fún un ni?” Ó di irúgbìn náà sínú àkísà tó mọ́, ó so ó mọ́ orí igi kékeré kan, ó rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná, ó ka oókan dé eéje, ó fà á yọ, ó sì tẹ́ ẹ sórí àwo kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè ráyè wọlé sí i; gbígbóná omi yẹn ló ń la ọ̀nà. Bí ó bá sì pẹ́ jù níbẹ̀, ó ti jinná nìyẹn. Ewédú ìyá náà hù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ti àwọn tó gbọ́ tèmi ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí eyín arúgbó. Wọ́n ti kọ́ mi ní èyí nílé ẹ̀kọ́, mo tilẹ̀ kọ ọ́ nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ojú rí i rí.

Tẹ̀tẹ̀ kò le bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn po irúgbìn rẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó má baà dà sójú kan, nígbà tí yóò bá fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ti ń jẹ ẹ́.

Ìyá àwọn ọmọ ló mú òdòdó wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Tannápoṣó ló gbìn sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, níbi tí mo ti ń ronú àtigbin gbúre sí. Mo bi í bóyá òdòdó la ó máa sè lọ́bẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ó kàn nawọ́ sí ilá mi. Òdòdó ilá ti là ní òwúrọ̀ náà, ó ní àwọ̀ ìyeyè tó tutù lójú, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn tọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ìdílé kan náà ni ilá, ìsápá, òwú àti òdòdó pupa tí àwọn olówó fi ń ṣe ọgbà yí ilé wọn ká. Òdòdó ilá kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, bí ó bá sì ti tó ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ká èso rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò di igi.

Tannápoṣó ní tirẹ̀ kì í là àfi bí oòrùn bá ń rọlẹ̀. Pupa, funfun àti ìyeyè lè wà lórí igi kan ṣoṣo, òórùn rẹ̀ sì ló mú mi gbé àga jáde síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Láti orí àga yẹn ni mo ti rí ewé tẹ̀tẹ̀ kan tó ká bo ara rẹ̀, tí òwú tín-ínrín bí ti aláǹtakùn sì dì í. Mo tú u, kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tí kò gùn tó èékánná ń jẹun nínú rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Mo ṣa 11 kí ilẹ̀ tó ṣú, mo tẹ gbogbo wọn pa. Ká ní mo dúró di ọ̀sẹ̀ kejì, iṣan ewé nìkan ni ì bá kù sórí bẹ́ẹ̀dì náà.

N kò sọ pé òdòdó ń lé kòkòrò o. Àfòpiná a máa yí tannápoṣó ká lálẹ́, ta ló mọ̀ bóyá ìyá àwọn tí mo tẹ̀ pa wà lára wọn. Olóko ni òdòdó ń fà wá sí oko. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni mò ń dé oko àgbẹ̀ kan, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Mo máa ń béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì máa ń gun alùpùpù mi. N kò jókòó nínú oko ẹnikẹ́ni rí. Bí wọ́n bá gbà yín síṣẹ́, ẹ bá mi ní kí àgbẹ̀ náà fún yín ní àpótí ìjókòó, kí ẹ sì wo ohun ọ̀gbìn náà fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó la ẹnu. Ní ilé tiyín, ẹ gbin òdòdó sáàárín ẹ̀fọ́, níbi tí ojú yín yóò dé láti ibi tí ẹ ti ń fọ abọ́.

Bí kòkòrò bá pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè ṣa lọ, mo máa ń gún ewé dóńgóyárò, mo máa ń rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, mo sì máa ń sẹ́ ẹ wọ́n wọn. Ti ewúrẹ́ àdúgbò ni mi ò rí oògùn rẹ̀ ju wáyà lọ. Mo ti sọ̀rọ̀, mo ti bẹ̀bẹ̀, mo ti bínú.

Tòmátì ni ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Òjò a máa ta erùpẹ̀ sí abẹ́ ewé rẹ̀, àrùn a sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá gbìn ín ní láti fi igi gbé e nàró, kí ó sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Gbúre, amúnútutù àti ilá fẹ́ràn òjò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì fi ẹsẹ̀ ìsápá mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí igun kan ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣe wàhálà bí kò bá tètè tanná, nítorí pé ó ń dúró de ìgbà tí ọ̀sán bá kúrú, lẹ́yìn tí òjò bá ti ń lọ.

Tannápoṣó mi ti ń so báyìí. Èso rẹ̀ dúdú, ó hunjọ, ó sì tóbi díẹ̀ ju iyèré lọ. Ìyá àwọn ọmọ ń ṣà á sínú agolo mílíìkì kan lẹ́bàá fèrèsé kíṣíìnì, ó sì ti ní kí n má ṣe fún ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ́kọ́ fi ibi tó fẹ́ gbìn ín sí han òun.