Ẹ́dítọ̀ tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́

Ìbéèrè àná ló tún dé lónìí: ẹ́dítọ̀ (ètò tá a fi ń kọ kóòdù) wo ni kí ẹni tí kò kọ kóòdù rí fi bẹ̀rẹ̀ Python, èdè tá a fi ń kọ kóòdù? Ẹ́dítọ̀ tó ń jẹ́ VS Code ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ó dáa lóòótọ́, àmọ́ kò gbé Python dání. Lọ́tọ̀ lèèyàn máa fi Python sórí kọ̀ǹpútà, lọ́tọ̀ ló máa fi extension rẹ̀ (àfikún tó ń jẹ́ kí VS Code bá Python ṣiṣẹ́) sí i. Bó bá sì jẹ́ Windows, tí kò fi àmì sí àpótí "Add to PATH" (tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ibi tí Python wà) nígbà tó ń fi Python sí i, kọ̀ǹpútà lè ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ python. Ilẹ̀ á ti ṣú, ìlà kan ò tíì ṣiṣẹ́.

Ẹ́dítọ̀ míì, Thonny, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Tartu ní Estonia, gbé Python tirẹ̀ wá. Ẹ kọ ọ́, ẹ tẹ F5, ó ti ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tó ń fi han èèyàn ni mo fi gbà pé ó ṣeé gbára lé. Ẹ wo ìlà méjì yìí:

ojo_ori = input("Ọmọ ọdún mélòó? ")
print(ojo_ori + 1)

Èèyàn tẹ 20, ó ń retí 21, TypeError (àṣìṣe tó ń sọ pé irú ohun méjì náà ò bára mu) ló bọ́ síta. Ẹ lọ sí View, ẹ fi àmì sí Variables: '20' ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojo_ori, àmì àyọlò há a láàárín. Ọ̀rọ̀ ni Python kà á sí, kì í ṣe nọ́ńbà; àfi ká fi int(), tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, yí input ká. Ẹ tún kóòdù náà pè, àmọ́ pẹ̀lú Ctrl+F5 lọ́tẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ wá máa tẹ F7 díẹ̀díẹ̀: input á pòórá lójú yín, '20' á sì bọ́ síbẹ̀.

Ó tún máa ń kìlọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fáìlì rẹ̀ ní random.py, Thonny á sọ fún un pé kò ní lè lo random ti Python (kóòdù tó ń bá èèyàn mú nọ́ńbà láìròtẹ́lẹ̀) mọ́. (Àṣìṣe yìí ti da orí ọ̀pọ̀ èèyàn rú, torí kóòdù wọn gan-an ò ní àléébù.)

Ẹni tó ti wà nínú VS Code kò ní láti kó jáde. Kó lọ sí File, kó fi àmì sí Auto Save. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tó wá ń pe fáìlì láti terminal (ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), nígbà tí àmì róbótó (tó ń sọ pé a ò tíì tọ́jú àtúnṣe) ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì lókè, kóòdù àtijọ́ ló ń pè.