Kà Á Dé Ogún: Ohun Tí Ọmọlójú Adie Kọ́ Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé tọ́ọ̀ṣì sójú aláìsàn, ìkánjú ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí èmi náà ti kánjú rí.

Obìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló wọlé wá. Ojú ò dùn ún. Ó kàn wo dígí láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, ó sì rí i pé ọmọlójú òsì òun tóbi ju ti ọ̀tún lọ. Ó ní oòrùn ń pa ojú yẹn, bí òun bá sì gbé ìwé sún mọ́ra, lẹ́tà á dàrú mọ́ra wọn. Mo tan iná sí i, ọmọlójú òsì kò mira. Mo na ìka síwájú imú rẹ̀ pé kó wò ó, mo kà á dé méjì, mo gbọ́wọ́ kúrò. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò dáhùn sí iná, kò sì dáhùn sí ohun tó wà nítòsí. Kí ọ̀gá mi tó dé, mo ti ń wá ẹni tí yóò gbé obìnrin náà lọ ya àwòrán ọpọlọ ní kíá.

Ẹ̀rù mi kì í ṣe lásán o. Ọmọlójú tó ṣàdédé tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú bíi bàlúùnù nínú orí, tó ń tẹ nááfù kẹta (nááfù láti inú ọpọlọ tó ń gbé ìpéǹpéjú, tó ń yí ẹyinjú, tó sì ń sún ọmọlójú kì), ìyẹn kì í sì í dúró dọ̀la. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nááfù kẹta, ìpéǹpéjú sábà máa ń wálẹ̀, ẹyinjú kì í sì í yí dáadáa sókè, sísàlẹ̀ àti síhà imú. Ti obìnrin yìí, ìpéǹpéjú dúró sáyè rẹ̀, ẹyinjú sì ń yí geerege. Mi ò tiẹ̀ wò ó.

Ọ̀gá mi ò bínú. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó gbé bírò kan síwájú imú obìnrin náà, ó ní kó tẹjú mọ́ ṣóńṣó rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi: "Dókítà, máa kà. Má dákẹ́ títí wàá fi dé ogún." Ení, èjì, ẹ̀ta, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo dé bíi mẹ́jọ, ọmọlójú ńlá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. Kí n tó dé ogún, ó ti kéré ju ti ọ̀tún lọ. Ọ̀gá gbé bírò kúrò, ó ní kó wo ògiri lọ́ọ̀ọ́kán. Ti ọ̀tún là kíá. Ti òsì ń fà, ó ń fà, a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn kó tó padà sí bó ṣe wà.

Àrùn Holmes-Adie nìyẹn. William John Adie, ọmọ Ọsirélíà tó ṣiṣẹ́ dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Gordon Holmes, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1931, kálukú lọ́tọ̀. Ohun tó ká Adie lára ni pé wọ́n ń fi àwọn aláìsàn wọ̀nyí pe oní-sífílísì (àrùn ìbálòpọ̀) tó ti wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, torí pé níbẹ̀ náà, ọmọlójú kì í dáhùn sí iná, eékún kì í sì í ta bí wọ́n bá fi òòlù gbá a. Ẹ ro ohun tí ìdájọ́ yẹn lè ṣe fún ọmọbìnrin tí kò ní nǹkan kan. Ọmọlójú ti sífílísì, èyí tí à ń pè ní Argyll Robertson, sábà máa ń kéré, ó máa ń wà lójú méjèèjì, kì í sì í lọ́ra bó bá ń wo ohun tó wà nítòsí.

Kí ló dé tí ọmọlójú ò fi mọ iná àmọ́ tó mọ bírò? Ẹ̀yìn ẹyinjú ni kókó nááfù kékeré kan wà, ciliary ganglion. Ibẹ̀ ni okùn nááfù ti ń gba ọ̀nà méjì: àwọn kan lọ síbi iṣan tó ń sún ọmọlójú kì, àwọn kan lọ síbi iṣan tó ń jẹ́ ká rí ohun tó wà nítòsí kedere. Àwọn ti ìkejì yìí fi nǹkan bí ìlọ́po 30 pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí kókó náà bá fara pa (lọ́pọ̀ ìgbà a kì í rí ohun tó fà á), àwọn okùn náà á tún hù, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣìnà. Oníná tún wáyà ilé ṣe, ó so ti fáànù mọ́ gílóòbù: o tẹ bọ́tìnnì iná, òkùnkùn, o tan fáànù, iná là. Bí okùn ìwò-nítòsí ṣe wọ ilé ọmọlójú nìyẹn.

Bí ẹ bá gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ sí slit lamp, ẹ̀rọ tó ń mú ojú tóbi fún wa láti wò, ẹ má fi ojú ré etí ọmọlójú. Kì í sún kì yíká. Apá kan ń fà, apá kan kú sílẹ̀, etí rẹ̀ á máa rìn bí ekòló.

Lẹ́yìn náà ni pilocarpine, oògùn ojú tó ń sún ọmọlójú kì, àmọ́ èyí tí a ti fi omi là dáadáa, ìdá 0.1 tàbí 0.125 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú oògùn fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ojú tó dáa ní nǹkan. Iṣan tí nááfù ti pa tì, ṣe ni ebi ń pa á, ìwọ̀nba tó bá kàn án ló máa gbá mú, ọmọlójú á sì sún kì. Ẹ kán an sójú méjèèjì kí ẹ lè fi wéra. Ẹ má fọwọ́ kan ojú, ẹ má sì wọn ìfúnpá inú rẹ̀ kí ẹ tó kán an, torí oògùn á wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ò sì ní mọ ohun tí ẹ ń wò mọ́. Bí àrùn náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdánwò yìí lè má fi nǹkan kan hàn. Nááfù kẹta tó bàjẹ́ náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì, nítorí náà ìpéǹpéjú àti bí ẹyinjú ṣe ń yí ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àwa tí à ń wo ojú, òòlù rọ́bà kì í sí lápò wa, ìtìjú ló jẹ́. Ọ̀gá mi ní láti lọ yá ti ẹlòmíì. Ó gbá ẹ̀yìn gìgísẹ̀ obìnrin náà, ẹsẹ̀ ò ta, bí àrùn yìí ṣe máa ń rí. Ó ní kó fi ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ra, kó máa fà á kankan, ó tún gbá a, kò ta síbẹ̀. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń rìn, òun ń sáré, òun ò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Ẹ tún bi wọ́n léèrè nípa òógùn tó ń jáde lára: bí apá kan ara kì í bá là á mọ́ pẹ̀lú gbogbo èyí, àrùn Ross ni wọ́n ń pe ìyẹn.

A sọ fún un pé kì í ṣe kókó inú ọpọlọ, pé kò ní fọ́ ọ lójú. Awò ìkàwé àti awò dúdú ló gbà lọ. A kìlọ̀ fún un pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọmọlójú yẹn á máa kéré, ó sì lè wá di èyí tó kéré jù. Èkejì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ti dìde kí ọ̀gá mi tó pè é padà. Ó kọ ìwé pélébé kan fún un, ó fọwọ́ sí i, ó ní kó máa wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ nígbà gbogbo: bí ọkọ̀ bá gbá a tí kò sì lè sọ̀rọ̀, dókítà tó bá tanná sí i lójú lálẹ́ ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọlójú òsì yẹn ti tóbi tipẹ́.