Ilé Onítáyà Mẹ́rin

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí mi ní garéèjì Ìwó Road ní Sátidé tó kọjá, ẹ má sọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn àna mi. Ìwọ̀nba iyì tó kù fún mi lọ́hùn-ún kò tó nǹkan mọ́.

Ẹ kúkú mọ̀ nípa bọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tí mo wà á délé. Fídíò àwọn òyìnbó ló kó bá mi: bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ọkọ̀, sítóòfù lẹ́nu ọ̀nà, kọ́tìnì lójú fèrèsé, wọ́n á páàkì sétí òkun, wọ́n á máa mu kọfí. Láti 1950 tí Volkswagen ti ń ṣe kọ́ńbì ní Jámánì, wọn kò yéé sùn sínú rẹ̀ kiri. Mo ní àwa ńkọ́, ṣé ká ṣáà máa fi tiwa kó èrò ni? Mo bá lọ ra ògbólógbòó danfo kan.

Ká má purọ́, iṣẹ́ ilé ló lé mi débẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, bí mo bá fọ abọ́ tán, omi ló kàn. Bí mo bá fa omi tán, jẹnẹrétọ̀ á ní òun náà ń ṣàìsàn. Mo yọ gbogbo àga inú bọ́ọ̀sì, mo tẹ́ fóòmù, mo ta kọ́tìnì olódòdó, káfíńtà kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọn lára (ọ̀rọ̀ káfíńtà yẹn ń bọ̀). Ọ̀dà nìkan ni n kò kùn. Iye tí wọ́n pè fún mi tó ra àgbò iléyá, mo ní ta ló ń sùn síta ilé tí yóò máa wo ara rẹ̀? Báyìí ni àwọ̀ ọkọ̀ èrò ṣe wà lára rẹ̀ gbagidi, pẹ̀lú àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀: ILÉ LÀBỌ̀ SINMI OKO.

Mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé Ìkògòsì ni mò ń lọ, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. N óò ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, n óò ki èkejì bọ tútù, n kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, abọ́ inú síǹkì ńkọ́?" Mo ní bí mo bá dé. Lálẹ́ Fúráìdé, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti jẹ àmàlà, mo sì ti abọ́ rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣebí òmìnira ni mo wá.

Ní ìdájí, mo dúró ní Ìwó Road kí n ra búrẹ́dì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, mo ní kí n fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tí n óò lajú, ìyá àgbà kan ti jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Àpò èlùbọ́ wọn wà lórí ìrọ̀rí mi.

"Dẹ́rẹ́bà, èló ni Ifẹ̀?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ilé mi nìyí."

"Ilé?" Wọ́n wo òkè, wọ́n wo kọ́tìnì, àánú mi ṣe wọ́n. "Ilé tó ní táyà? Má ronú, ọmọ mi. Ọkọ̀ á kún."

Wọ́n bá yọrí síta: "Ifẹ̀ rèé o! Ifẹ̀, wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín!" Kí n tó wá bàtà mi rí, ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti wọlé, ìyá ọmọ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àti bàbá kan tó gbé àkùkọ méjì dání. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó gun fóòmù. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n rí i pé ilé ni! Wọ́n rí i, wọ́n sì jókòó.

Ọmọ garéèjì dé, ó ní kí n sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní n kì í gbé èrò. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú ọkọ̀, àkùkọ kan kọ sí i lójú. Mo sanwó. Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò lé wọn sọ̀kalẹ̀? Màmá ti gbowó lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n ti kà á sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ gbowó lọ́wọ́ kí ẹ tún dá a padà, ká rí i.

Ó wá kan káfíńtà. Ó búra fún mi pé bí ìjì ń jà, kọ́bọ́ọ̀dù òun kò ní ṣí. Kò parọ́, ìjì kò jà. Kòtò ni. Ní kòtò kìíní, ṣíbí rọ̀jò lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Ní èkejì, ata gígún tú sára bàbá aládìyẹ. Àkùkọ kan sín. Mo ti dàgbà tó báyìí, n kò mọ̀ pé àkùkọ máa ń sín. Ní kòtò kẹta, abọ́ àmàlà yọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ewédú tó ti gbẹ.

Kẹ́kẹ́ pa.

"Ta ló jẹun tí kò fọ abọ́?" Màmá bi ẹni gbogbo. Ẹni gbogbo wo ẹ̀yìn orí mi.

Aṣéjirẹ́ ni wọ́n ti ní kí n dúró. Mo lóṣòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ń fi kànìnkànìn ha abọ́, àwọn èrò ká kọ́tìnì mi sókè, wọ́n ń wòran. Bàbá aládìyẹ ní, "Ẹ má gbàgbé ìdí ìkòkò o." Omi Aṣéjirẹ́ yìí kan náà ló yẹ kó máa wá bá mi nínú ẹ̀rọ n'Ìbàdàn. Ọdún wo ni mo ti ń retí rẹ̀, èmi ni mo wá lọ bá a nílé.

Mo já wọn sílẹ̀ n'Ifẹ̀. Kí n tó ṣẹ́rí sọ́nà Iléṣà, àwọn mìíràn ti ń bọ́ bàtà, Ìbàdàn ni wọ́n ń lọ. Ẹ má bi mí ní Ìkògòsì.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Ìbejì yọjú sínú bọ́ọ̀sì. Abọ́ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ìyá ọmọ yẹn ti gbá a. Ìyẹ́ àkùkọ kan wà lórí ìrọ̀rí. Ó ní, "Àwọn tó wà nínú síǹkì ṣì ń kí yín."

Lálẹ́ àná, fóònù mi dún. Màmá ni. (Mo fún wọn ní nọ́ńbà, ẹ fi mí sílẹ̀.)

"Dẹ́rẹ́bà, àpò mẹ́ta ni ti Sátidé yìí o. Tètè fọ abọ́ rẹ kí n tó dé."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá."