Ẹ sún mọ́ ẹja yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò

Tí mo bá ti gbé fọ́tò tí mo yà lábẹ́ omi ní Òkun Pupa sórí Instagram báyìí, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wọlé ni pé kámẹ́rà wo ni mo lò. A máa dé orí kámẹ́rà, ṣùgbọ́n omi tó wà láàárín ẹ̀yin àti ẹja gan-an ló ń ba fọ́tò jẹ́, òun ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ sọ.

Ṣé ẹ rí i, omi máa ń jẹ àwọ̀. Pupa ló kọ́kọ́ ń jẹ, kẹ́ ẹ tó dé mítà 10 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọ̀ ọsàn á tẹ̀ lé e, yẹ́lò náà á bá wọn lọ, ó wá ku búlúù àti gíríìnì. Tí nǹkan bá gé yín lọ́wọ́ ní mítà 20, ẹ̀jẹ̀ yín á fẹ́ jọ gíríìnì. Ẹ lè ní ṣebí mo ní filáàṣì. Ó dáa, ìmọ́lẹ̀ filáàṣì á la omi kọjá lọ bá ẹja, á tún la omi kọjá padà wá, tí ẹja bá wà ní mítà 2, mítà 4 ni ìmọ́lẹ̀ yẹn rìn, omi á ti jẹ pupa inú ẹ̀ kó tó dé. Lọ́dún 1926 tí William Longley, onímọ̀ nípa ẹja, àti Charles Martin, ayafọ́tò National Geographic, fẹ́ ya fọ́tò aláwọ̀ lábẹ́ omi ní Dry Tortugas, Florida, ẹ̀tù magnesium ni wọ́n gbé léfòó lókè omi tí wọ́n ń dáná sí kí ìmọ́lẹ̀ lè tó wọn. Àwa tí filáàṣì wa ò ju ìkúùkù lọ ńkọ́?

Torí náà kó má ju mítà kan lọ, ìdajì ẹ̀ tún dáa jù. Omi sì máa ń tan ojú o, ohun tó wà ní mítà kan á dà bíi pé ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 75, tẹ́ ẹ bá rò pé ẹ ti sún mọ́ ọn tó, ẹ ṣì jìnnà. Ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ inú omi náà wà níbẹ̀, filáàṣì tó bá fara ti lẹ́ńsì á tàn sí gbogbo ẹ̀, fọ́tò á kún fún àmì funfun, ẹ fa filáàṣì sí ẹ̀gbẹ́ kó jìnnà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ò lè dúró jẹ́ẹ́ nínú omi ò lè sún mọ́ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń rì tẹ́ ẹ ń léfòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ lókè ná, ẹ kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa fi èémí darí ara yín, torí tí fíìnì, bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ yín, bá gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè ṣẹ́ iyùn, ẹ̀dá òkun tó le bí òkúta, tó ti ń dàgbà láti ọdún gbọọrọ. Ẹ má sì sé èémí nítorí kí ọwọ́ lè dúró o! Tẹ́ ẹ bá gòkè díẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè ya á. Ẹ máa mí, ẹ máa wo géèjì tó ń fi afẹ́fẹ́ tó kù yín kù hàn, ẹ má jìnnà sí ẹnìkejì yín.

Ní Hurghada tàbí Dahab, ní etí Òkun Pupa ní Íjíbítì, clownfish ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní ilà funfun méjì, inú anemone, ẹ̀dá òkun tó dà bí òdòdó, ló ń gbé, kì í jìnnà sílé. Tẹ́ ẹ bá dúró jẹ́ẹ́, á kọ́kọ́ sá wọlé, á yọjú, á wá jáde dojú kọ lẹ́ńsì bí onílé tó fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe. Ojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi focus sí, ẹ rẹlẹ̀ kẹ́ ẹ yà á látìsàlẹ̀ lọ sókè kí omi búlúù lè wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má lé ẹja rárá, ìrù nìkan lẹ máa bá nínú fọ́tò.

Kámẹ́rà wá. Olympus TG-6 tó láti bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ń wọ omi dé mítà 15, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Open Water, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ fún òmùwẹ̀, lè lọ dé mítà 18, torí náà ẹ ra housing, àpótí tí omi ò lè wọ̀ tí wọ́n ń ki kámẹ́rà sí. O-ring ẹ̀, róbà roboto tó ń dí ẹnu ẹ̀, ni kẹ́ ẹ tọ́jú jù: ẹ fi ọwọ́ yọ ọ́, kì í ṣe irin, ẹ nu ojú ibi tó ń jókòó sí, ẹ fi gíríìsì ẹ̀ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ wò ó níbi tí iná ti mọ́, torí irun kan ṣoṣo tó há síbẹ̀ ti tó kí omi wọlé. Kẹ́ ẹ tó ki kámẹ́rà sí i, ẹ kọ́kọ́ gbé housing òfìfo wọ omi wò. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ò níyọ̀ kí iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn, ẹ máa tẹ gbogbo bọ́tìnì ẹ̀ nínú omi yẹn, kẹ́ ẹ nu ún gbẹ kẹ́ ẹ tó ṣí i.