Ohun Tí Òṣùwọ̀n Kò Lè Sọ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Chondroitin Sulfate

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí chondroitin sulfate, èròjà tí à ń yọ láti inú eegun rírọ̀ ẹranko, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ìdí ọ̀bẹ ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Gògóńgò màlúù tí mo rà lọ́wọ́ àwọn alápatà ni mo fi ṣe ìwádìí oyè kejì mi, mo sì rò pé bí mo bá ti gé e wẹ́wẹ́ sínú omi ẹ́ńsáìmù (èròjà tí ń jẹ purotéènì), ó parí. Ọ̀rá tí mo fi sílẹ̀ lára eegun rírọ̀ náà léfòó sórí omi iṣẹ́ mi bí ọbẹ̀ àná. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọ̀bẹ há a títí yóò fi funfun, tí mo sì ń rẹ ẹ́ sínú acetone mọ́jú kí ọ̀rá tó kù lè jáde, kí n tó jẹ́ kí ó gbẹ, kí n sì lọ̀ ọ́.

Chondroitin sulfate kì í dá wà nínú eegun rírọ̀. Okùn ṣúgà gígùn ni, ìdí rẹ̀ sì so mọ́ purotéènì, nítorí náà àfi kí a jẹ purotéènì náà kúrò kí okùn tó lè bọ́. Papain ni mo lò, ẹ́ńsáìmù tí ó ti inú oje ìbẹ́pẹ wá. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti fi ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n se ẹran líle rí ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìwọ̀n ooru 60 sí 65 ti Celsius ló bá a lára mu, ní pH tí ó súnmọ́ 6, pẹ̀lú cysteine àti EDTA tí kì í jẹ́ kí agbára rẹ̀ kú. Sodium hydroxide náà lè já okùn yìí kúrò lára purotéènì, kò sì wọ́n tó papain, ṣùgbọ́n bí ó bá le jù tàbí pẹ́ jù, okùn náà fúnra rẹ̀ yóò máa já.

Ibi tí mo ti ṣìṣe gan-an nìyí. Lẹ́yìn tí mo ti fi trichloroacetic acid yọ ìyókù purotéènì, mo da ethanol tútù sí omi iyọ̀ tí ó kù, nǹkan funfun sì ń yọ bí òwú. Mo tún da ethanol sí i, òwú náà pọ̀ sí i, òṣùwọ̀n sì ń fún mi ní nọ́ńbà tí inú mi dùn sí. Mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi. Kò bá mi jiyàn. Ó fi ìka mú díẹ̀, ó pò ó mọ́ omi, ó kán silver nitrate, tí ó máa ń fi iyọ̀ hàn, sí i, omi náà sì funfun báláú bí omi ògì. Iyọ̀ ni mo ń wọ̀n. Nígbà tí mo fi àpò dialysis, tí iyọ̀ lè gba ara rẹ̀ jáde ṣùgbọ́n tí okùn gígùn kò lè gba ibẹ̀, fọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì, èyí tí ó kù kò tó ìdajì, ó sì dùn mí wọra.

Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi láti ọjọ́ náà ni pé: kí ni ìdánwò tí mo ń lò kò lè rí? Cetylpyridinium chloride, tí a fi ń kó chondroitin sulfate jọ, ni ọ̀pọ̀ tún fi ń wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ń rí kò ju agbára iná òdì tí ó wà lára okùn náà lọ. Carrageenan tí wọ́n ń yọ láti inú ewéko òkun ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Sodium hexametaphosphate náà ní in. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ayédèrú kún ọjà rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ chondroitinase: ó ń gé okùn náà sí ṣúgà méjì-méjì, tí a lè rí ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ 232 nanometer, a sì lè mọ ibi tí sulfate (ìdì sulfur àti oxygen tí ó ní agbára òdì) wà lára wọn. Sulfate ti gògóńgò màlúù pọ̀ jù ní ipò 4 lára ṣúgà, ti ẹja àkúrákùdà sì máa ń pọ̀ ní ipò 6, nítorí náà àkọlé ara ìgò kò lè purọ́ fún yín pẹ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni mo ń sọ. Láti òpin ọdún 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, àwọn aláìsàn tí wọ́n gba heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí ó já wálẹ̀ lójijì ní Amẹ́ríkà, àwọn kan sì kú. Chondroitin sulfate tí wọ́n ti fi kẹ́míkà kó sulfate lé lórí títí ó fi di mẹ́rin lára ṣúgà méjì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bá nínú rẹ̀, nígbà tí ti àbáláyé kì í sábà ju ẹyọ kan lọ. Ìdánwò àtijọ́ kò mú un, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ kí ó tó dì ni ìdánwò náà ń wò, ayédèrú náà sì ń fà á sẹ́yìn. NMR, ìdánwò tí ń fi agbára òòfà wo bí èròjà ṣe rí, ló tú àṣírí rẹ̀.

Ní ti èyí tí kì í ṣe ti ẹran, bakitéríà E. coli K4 máa ń ṣe irú okùn yìí sí ara rẹ̀, àmọ́ fructose wà lára rẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ fi ásíìdì rírọ̀ yọ, kò sì ní sulfate rárá. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí ní Rensselaer Polytechnic Institute ní New York kéde pé àwọn ti mú kí E. coli kan ṣoṣo ṣe okùn náà kí ó sì fi sulfate sí i fúnra rẹ̀. Kò sí àrùn màlúù nínú ìyẹn, kò sì sí àkúrákùdà tí a pa. Ṣùgbọ́n endotoxin, májèlé tí ó wà lára bakitéríà náà, ní agbára iná òdì, ó lè bá ọjà yín rìn, chondroitinase kò sì mọ̀ ọ́n. Ìdánwò LAL, tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ horseshoe crab ṣe, ni ẹ óò fi wá a.