Nọ́ọ̀tì Tó Tú: Àyẹ̀wò Ọdún 2025 Mi

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọyẹ́ ti dé sí Kabba, ètè ti ń sán, òkè tó yí ìlú ká kì í hàn láàárọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè rojọ́ ọdún yìí kí ó tó lọ.

Iṣu mi ta dáadáa. Owó oṣù tíṣà, ẹ má bi mí. Díìṣì kan ló gba ọdún yìí lọ́wọ́ mi.

Mo ra díìṣì àlòkù, mo sì yá mítà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń to díìṣì fún aráàlú, irú èyí tó máa ń ké fín-ín tó bá rí sátẹ́láìtì. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ SS2 mi fi etí ara wọn gbọ́ pé ohunkóhun tó bá ní ooru lára ń tan ìtànṣán. Kọ ojú díìṣì sí ògiri, á ké. Kọ ọ́ sí ojú ọ̀run lásán, á rọlẹ̀. Ọ̀run tutù, ṣùgbọ́n kò ṣófo. Ìmọ́lẹ̀ tó jáde nígbà tí àgbáálá ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ pé nǹkan bí ọdún 380,000 ṣì ń rìn bọ̀ títí dòní, ó kàn ti tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 270 nísàlẹ̀ òdo ni. Mítà ọjà kò lè dá a mọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó ṣe ohun tí mo ṣe.

A de díìṣì mọ́ òpó lẹ́yìn kíláàsì, à ń kọ òǹkà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì, òǹkà ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo kọ ọ́ sí WhatsApp àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa pé a ti gbọ́ ariwo ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ láti Kabba! Ẹ̀gbọ́n kan ní Àbújá fowó ránṣẹ́. Àwọn kan ní ká pe oníròyìn.

Ọmọbìnrin kan ló tú mi fó. Ọjọ́ tí a de díìṣì ló ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan lé òpó àti irin díìṣì pọ̀. Ó ní, "Sà, ẹ wá wò ó." Ìlà náà ti já sí méjì, ó fi ìbú ìka méjì jìnnà síra. Nọ́ọ̀tì ló tú. Díìṣì ti ń tẹrí ba díẹ̀díẹ̀, òkè ló ń wò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi ṣí WhatsApp.

Àwọn àgbà ti rìn ibẹ̀ rí ṣá o. Penzias àti Wilson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ ní New Jersey l'Amẹ́ríkà ní 1964, wọ́n lé ẹyẹlé, wọ́n gbọn ìgbẹ́ ẹyẹlé kúrò nínú ẹ̀rọ wọn, ariwo kò lọ. Ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ yẹn ni. A dè nọ́ọ̀tì tiwa, tiwa lọ.

BICEP2 ló jọ tiwa. Ẹ̀rọ náà wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ. Ohun tó ń wá ni àmì tó lọ́ bí omi tó ń pòyì nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ìyẹn ipa tí ìgbì agbára òòfà (gravitational waves) fi sílẹ̀ nígbà tí àgbáálá ayé fẹ̀ lójijì ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní March 17, 2014, àwọn onímọ̀ tó ń lò ó kéde pé àwọn ti rí i, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìgbì náà ṣe lágbára tó jẹ́ 0.2. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó wà ní 150 GHz nìkan ni wọ́n fi wò ó, bí ẹni tó fi ojú kan ṣoṣo wòran. Nígbà tí sátẹ́láìtì Planck fi 353 GHz wò ó, eruku inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Eruku! Èmi tí ọyẹ́ bo bàtà mi ní gbogbo àárọ̀, ó yẹ kí n ti fura. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ ní 2015, wọ́n sì ń wò ó lọ. Ní 2021 wọ́n ní bí ìgbì náà bá wà, ìwọ̀n yẹn kò ju 0.036 lọ.

Ìyẹn ni mo fi ṣí fóònù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé nọ́ọ̀tì ni, ẹ má bínú, mo sì bi ẹ̀gbọ́n Àbújá léèrè ibi tí n ó dá owó rẹ̀ padà sí. Ó ní òun ò gbà á, kí n fi ra nọ́ọ̀tì méjì.

Mẹ́rin la rà.